Ìkíni Tí Ilẹ̀ Gbọ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe káàánú mi o. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí ẹni tó gbé òkè òkun bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbọ́ a ti fa aṣọ ìnujú yọ kó tó lanu. Ẹ dá tiyín padà sápò. Òtútù mú mi, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n kò tẹ́.

Ofiki ni ilé mi. Ìyá mi a máa ṣe òrí, a sì máa rù ú lọ tà ní ọjà Ṣakí. Bàbá mi dáko títí ó fi kú. Èmi ka ìmọ̀ físíìsì dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, tí gbogbo Nàìjíríà ń pariwo epo, mo lọ sí Kánádà láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá a. Bí mo ṣe rin ìrìn náà kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó wọ bàálù ti wọ bàálù.

Alberta ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ tí mo dé sí. Ahọ́n ìyá mi kò gbé e. Àbàtà ló ń pè é, ó sì ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, "Ọmọ mi wà ní Àbàtà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó." Àwọn ènìyàn a máa bi í pé kí ló dé tí òyìnbó fi ń gbé inú ẹrẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo débẹ̀ ni pé ìyá mi kò parọ́. Àbàtà gidi ni ilẹ̀ tí a ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ooru bá mú, ọkọ̀ á rì sínú rẹ̀ ni. Àfi kí òtútù mú un, kó dì, kó le gbagidi, kí a tó lè kó ẹrù wa wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí òyìnbó tó gbọ́n bá ń yáná nínú ilé, ìgbà yẹn ni àwa ń jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà bó ṣe rí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. À ń wá epo àti gáàsì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láìtíì gbẹ́ kànga kankan. A ó lu ihò tóóró kan, a ó ki ẹ̀tù sí i, a ó yìn ín. Ariwo rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, á kan àpáta, á sì padà wá sókè. Àwa ti gbin etí sílẹ̀ dè é. Jíófóònù ni wọ́n ń pe etí yìí, ohun kékeré kan tó ní ìṣó nídìí, tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin èbù. Okùn wáyà so gbogbo wọn mọ́ ọkọ̀ ńlá kan tó máa ń dúró láàárín ìlà tí a gbìn wọ́n sí, láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Inú ọkọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ wà tó ń ya ohun tí etí kọ̀ọ̀kan gbọ́ sórí bébà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà apá òsì bébà jẹ́ ti etí ìwọ̀-oòrùn, tọwọ́ ọ̀tún sì jẹ́ ti ìlà-oòrùn. Bí àpáta ìsàlẹ̀ bá ga sókè níbì kan, àwọn ìlà náà á fi hàn. Abẹ́ irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ ni epo ń sá sí, bí èéfín ṣe ń kó sábẹ́ òrùlé.

Ìwé tí mo kà tó kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì ṣófo. Àga òfìfo yẹn ni mo torí rẹ̀ kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ìdí etí ni wọ́n fi mí sí, pé kí n máa gbìn, kí n máa hú.

* * *

Ohun tó le jù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn etí yẹn lè gbọ́ pátákò màlúù nínú pápá kejì. Kí wọ́n tó yin ẹ̀tù, ọ̀rọ̀ á jáde nínú rédíò ọwọ́ pé kí gbogbo ènìyàn dúró bí òpó. Ẹni tó ń wúkọ́ á gbé e mì.

Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn jáde. Ìkángun ìlà níhà ìlà-oòrùn ni wọ́n fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà àgbẹ̀ kan. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó ń ta mí lójú. Mo wá rí bàbá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti inú oòrùn náà, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí mi rọra sọ pé, "Hárì nìyẹn, ọ̀gá pátápátá."

Kí ni ọmọ Ofiki ń ṣe bí àgbà bá yọ sí i láàárọ̀? N kò rò ó rárá. Àyà mi ti kanlẹ̀ kí orí mi tó gbọ́.

Gbì!

"Ẹ káàárọ̀ sà!"

Àṣé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n yin ẹ̀tù. Ìdọ̀bálẹ̀ mi wọ inú ẹ̀rọ lọ, àwọn ìlà ta kìjí bí ewúrẹ́ tí wọ́n ju òkúta lù, ẹ̀tù òwúrọ̀ yẹn sì ṣòfò. Hárì dúró lórí mi, ó ń wò mí.

"Kí lo sọ nù?" ó ní.

"N kò sọ nǹkan nù, sà. Mo ń kí yín ni."

Kẹ́n ti jáde láti inú ọkọ̀. Kẹ́n ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ọkùnrin pupa kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ilé ń jó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Níbẹ̀, bí wọ́n bá gé igi ńlá, tí igi fẹ́ wó, wọ́n á kígbe "Tímbà!" kí ènìyàn lè sá. Láti ọjọ́ yẹn, Tímbà ni ó ń pè mí. Ó gba bébà tí ẹ̀rọ yà, ó kọ "Tímbà" gàdàgbà sí i lórí, ó sì kàn án mọ́ ara ọkọ̀ nínú, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè rí i rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún un pé mo ní orúkọ. Ó ní ó gùn jù. Mo ní kò gùn ju ìtàn tó ń pa kiri nípa mi lọ. Bó bá pè mí ní Tímbà, n kì í dá a lóhùn. Ó lè pè mí títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ. Etí mi tí ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kì í gbọ́ ìyẹn.

* * *

Láti ìgbà dé ìgbà ni ìyá mi máa ń wọkọ̀ láti Ofiki lọ sí ilé-iṣẹ́ fóònù ní Ṣakí, á jókòó lórí bẹ́ńṣì títí n ó fi pè. Fóònù tèmi wà lára ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, nínú ilé tí mo háyà. Pákó ni ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìyá onílé ń sùn. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ní Ṣakí, òwúrọ̀ kùtù ni lọ́dọ̀ tiwa.

"Ìyá mi, ẹ káàsán o."

"Ṣé o ti dọ̀bálẹ̀?"

"Orí fóònù ni a wà, Ìyá mi."

"Ṣé fóònù ló bí ọ ni?"

Mo fi fóònù sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro, mo na ara mi sórí pákó. Gbì. Mo dìde, mo tún gbé e sétí.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Káàsán, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé o ń fi òrí tí mo dì fún ọ para?"

Kí n tó dáhùn, ìyá onílé ti ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà lábẹ́ mi, kò kò kò.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?" ìyá mi bi mí.

"Ó ń kí yín ni, Ìyá mi."

"Bá mi kí i o. Kí lẹ tún wá ń wá lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún?"

"Epo ni, Ìyá mi."

"Epo? Ṣé kò sí ọ̀pẹ níbẹ̀ ni?"

"Epo mọ́tò ni."

"Háà, ẹ̀yin ọkùnrin. Ṣé ẹ tiẹ̀ ń kágò kí ẹ tó wọlé onílé?"

Mo sọ fún un pé gbogbo iṣẹ́ náà kò ju kíkágò lọ. Ẹ̀tù ni àgò wa. A ó ké sí ilẹ̀, a ó dákẹ́, a ó wá fetí sí ohun tí ará ilé bá fi dá wa lóhùn. Ìyá mi ní, "Ó ti yé mi." Ó yé e ju bí ó ṣe yé púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣe é lọ.

* * *

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó dá mi lágara níbẹ̀, kì í ṣe òtútù. Òtútù ní aṣọ tirẹ̀. Àìkíni ni. Ènìyàn á ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ á fi rọ̀, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé o kú iṣẹ́. O ra bàtà tuntun, kò sẹ́ni tó kí ọ. O jẹun tán, o jókòó, o sinmi, ilé dákẹ́ lọ rọrọ. Ní ilé wa, kò sí ohun tí ènìyàn ń ṣe tí kò ní kíkí tirẹ̀. Mo dé ibi tí ènìyàn wà tí kò sí ìkíni, mo wá mọ̀ pé ara ilé ẹni ni ìkíni wà, bí òrùlé ṣe jẹ́ ara ilé. Ó dùn mí. Àwọn àárọ̀ kan wà tí mo ń gbin etí, tí mo sì ń fi ẹnu ara mi kí ara mi pé, "O kú yìnyín o." N kò ní purọ́, mo sunkún ní ọjọ́ kan. Omi ojú náà dì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mo bínú sí i, mo họ ọ́ kúrò.

Hárì pè mí, ó ní kí n jáwọ́ nínú dídọ̀bálẹ̀.

"Ojú ń tì mí," ó wí. "Àwọn ènìyàn ń wò."

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ lè sọ ibi tí n ó gbin etí sí fún mi, ẹ kò sì ní gbọ́ ariwo mi mọ́ bí ẹ̀rọ bá ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọ́ mi bí n ó ṣe kí àgbà. Wọ́n ti kọ́ mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ ni mo ti ń dè é láàárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín, mo ń dìde, mo ń gbọn àyà mi. Kẹ́n á kígbe, "Tímbà!" gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Hárì á kọjá bí ẹni tí kò rí mi.

Àwọn kan rò pé mo ń sin ọkùnrin náà ni, nítorí wọ́n ti rí mi lórí ìrun. Mo sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Àlùfáà wa ní Ofiki náà a máa bá wa jà lórí rẹ̀ pé Ọlọ́run nìkan ni à ń wólẹ̀ fún. Àwa a sì máa dá a lóhùn pé, "Àáfà, iwájú orí ni ti Ọlọ́run, àyà ni ti àgbà." Bí mo bá lè bá àáfà jiyàn nílé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ta ni Kẹ́n?

* * *

Òtútù fẹ́ parí nígbà tí ìròyìn dé pé a ti rí ibì kan. Àpáta ga sókè lábẹ́ ilẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn àbàtà náà, ó dára bí òkè tí wọ́n fi ọwọ́ mọ. Ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún wa ti ń gbé ẹ̀rọ ńlá bọ̀ láti wá gbẹ́ kànga epo síbẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Hárì ní bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, òun yóò fi ẹnì kan sórí àga kejì nínú ọkọ̀. Mo ní kó jẹ́ èmi. Kẹ́n ní bí Tímbà bá wọ ọkọ̀, táyà á bẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rán mi pé kí n gbé bátìrì lọ sínú ọkọ̀ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo wọ inú rẹ̀. Mo rí bébà mi lára ògiri, pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tèmi lórí rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Ó wù mí láti rí bí ìkíni ṣe rí lójú ẹ̀rọ. Mo rí ibi tí àwọn ìlà ti ta kìjí. Apá òsì pátápátá ni.

Mo dúró wò ó. Apá òsì jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn. Èmi kò sí ní ìwọ̀-oòrùn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Oòrùn tó ń yọ ló ń ta mí lójú, ọgbà wáyà àgbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìkángun ìlà-oòrùn ni mo ti kí Hárì, bébà sì ń sọ pé òdìkejì ni mo wà.

"Kẹ́n," mo ní, "okùn wáyà inú ọkọ̀ yìí ti yí padà. Ohun tí etí ìlà-oòrùn gbọ́, sí ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀rọ ń yà á."

Kẹ́n ní kí n gbé bátìrì sílẹ̀ kí n máa lọ.

Ọ̀dọ̀ Hárì ni mo lọ. Mo rán an létí pé ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó tún un ṣe dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde. Bí wọ́n bá ti so wáyà òsì mọ́ ọ̀tún níbẹ̀, gbogbo ohun tí a ti yà láti ìgbà náà dojú dé. Òkè abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń yọ̀ lé lórí kò sí níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ìlànà ni pé kí ẹnì kan máa fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tó wà ní ìkángun ní gbogbo òwúrọ̀, kí ẹni inú ọkọ̀ lè rí i pé ibi tó yẹ ló ti jáde. Kẹ́n ti ń fo ìyẹn nítorí òtútù.

Hárì fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ kànga ti wà lójú ọ̀nà," ó ní. "Bí mo bá dá wọn dúró, tó jẹ́ pé ìwọ lo ṣi ibi tó o dúró sí mú, o ò ní bá wa jẹun alẹ́. Wàá di ẹrù rẹ."

"Mo gbà," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Mo ń lọ kí yín."

Gbogbo wọn jáde wá wò. Mo rìn lọ sí ìkángun ìlà-oòrùn. Mo ń gbọ́ yìnyín tó ń fọ́ lábẹ́ bàtà mi, mo sì ń rò ó pé bí mo bá ti ṣìnà, ẹnu wo ni n ó fi sọ fún ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí. N kò jẹ́ kó hàn lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n kéde ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo kọjú sí ibi tí Hárì dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un, gbogbo ara, bí ẹni pé bàbá tó bí mi ló dúró síbẹ̀.

Gbì!

"Ẹ káàárọ̀ sà!"

Mo dúró nílẹ̀. Ohùn Hárì jáde nínú rédíò ọwọ́.

"Apá òsì," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Tún un ṣe, kó lè dá mi lójú."

Mo dìde, mo gbọn àyà mi. "Rárá o, ọ̀gá," mo ní. "Ní ilé wa, a kì í kí ènìyàn káàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rán Kẹ́n wá."

Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín arúgbó tó ti pẹ́ tí kò rẹ́rìn-ín. Ó sì rán Kẹ́n wá. Kẹ́n wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tilẹ̀, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè bí àgbò tó fẹ́ kàn.

"Àyà," mo sọ fún un. "Àyà ni yóò kanlẹ̀."

Ó fi àyà kanlẹ̀. Bébà ní apá òsì. Ìgbà yẹn ni mo wá ní, "Ó ṣeun, Kẹ́n. Orúkọ mi kò gùn jù fún ẹni tó lè dọ̀bálẹ̀." Ó sì pè é, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀, ó ń gùn ún bí ẹni ń gun òkè. Wọ́n dá àwọn tó fẹ́ gbẹ́ kànga dúró. Mo sì gbé kọfí mi lọ sórí àga kejì, mo jókòó.

* * *

Nígbà tí mo tún pe Ṣakí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, láti orí wáyà tó yí padà dé orí Kẹ́n tó gbé ìdí sókè. Fóònù ń ṣe ṣìàà ṣìàà láàárín wa.

"O ò tíì dọ̀bálẹ̀ lónìí," ó ní.

Mo fi fóònù sílẹ̀, mo na ara mi sórí pákó. Ìyá onílé bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àjà lábẹ́ mi. Mo jẹ́ kó máa gbá a. Mo dìde, mo gbé fóònù sétí.

"Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi bí? Mo ní ẹ̀rọ wọn gbọ́ ìkíni mi."

"Ẹ̀rọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni," ìyá mi wí. "Èmi tí mo wà ní Ṣakí níbí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ."